Àgbálùmọ̀ Tí Wọ́n Hú Nínú Ọyẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé Bàbá Fáyọmí ní Ìkòrò, ọyẹ́ mú débi pé èèyàn kò rí ilé kejì dáadáa. Bàbá ń fi òrí pa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti là ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn wọn. Kó tó dìde, wọ́n ti ń lọ sí ilé tó kàn, ọ̀dà sì ti wà lára igi, ó ń ṣàn wálẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ugi ṣe?" ó ké bá wọn.

Ọ̀kan nínú wọn yíjú padà. "Ẹ má bínú, Bàbá. Títì la fẹ́ fẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti wà níhìn-ín, ó máa kúrò ni. Katapílà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ náà. Bàbá dúró ti igi náà, ó gbé ọwọ́ lé ibi tí ọ̀dà kò bà, kò mọ ohun tí òun ì bá ṣe.

Igi náà kò ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, kò sì tíì so rí. Ẹni tí kò bá mọ bó ṣe débẹ̀ á ní kí ni igi kékeré yìí jámọ́. Ṣùgbọ́n Modúpẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló gbìn ín. Nígbà tí àrùn kídìnrín dá a dùbúlẹ̀ tí oúnjẹ kò wù ú mọ́, àgbálùmọ̀ nìkan ló máa ń béèrè. Lọ́jọ́ kan, ó mú hóró kan nínú èyí tó lá tán, ó tẹ̀ ẹ́ sínú agolo mílíìkì tó kún fún iyẹ̀pẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n máa sin ín, hóró náà ti yọ ewé méjì. Bàbá ló gbé e lọ síwájú ilé lẹ́yìn ìsìnkú, òun ló sì ń bomi rin ín láti ìgbà náà wá. Tó bá jí, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ lọ wò ó.

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Adébùsọ́lá ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, òun nìkan ló sì ń gbé nítòsí nínú àwọn ọmọ; Ìjerò ló wà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní bàólọ́jì.

"Bùsọ́lá, wọ́n fẹ́ wó ugi ìyá rẹ."

"Ta ló fẹ́ wó o?"

"Àwọn onítìtì. Mo fẹ́ hú u kí wọ́n tó dé."

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Bùsọ́lá sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láàárọ̀ Sátidé, bàbá ti kúnlẹ̀, ó ti fi ọkọ́ ha ìdí igi náà yíká. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn.

"Ẹ dúró ná," Bùsọ́lá wí, kò tilẹ̀ tíì kí i. "Tí ẹ bá hú u báyìí pẹ̀lú gbogbo ewé yìí lórí, ó máa kú."

"Tí mi ò bá hú u ńkọ́? Ṣé kò ní kú ni?"

Bùsọ́lá gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ó wọlé lọ, ó mú ọ̀rá búrẹ́dì kan tó mọ́ gaara jáde, ó fi bo orí ẹ̀ka kan pẹ̀lú ewé rẹ̀, ó sì fi okùn so ẹnu rẹ̀ pinpin. Ó ní kí bàbá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀sán. Ó wá lọ pe Dàpọ̀, bíríkìlà tó ń gbé ilé kejì, kó wá bá àwọn gbẹ́ ihò tuntun sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí títì kò lè dé láéláé.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Bùsọ́lá pe bàbá padà síwájú ilé. Omi ti kán sára ọ̀rá náà nínú, ó sì ti ń ṣàn lọ pọ̀ sí igun rẹ̀ nísàlẹ̀.

Bàbá tẹjú mọ́ ọn. "Ta ló bu omi sí i?"

"Kò sẹ́ni tó bu omi sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló mí i síta. Abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan ní àwọn ẹnu tó kéré débi pé ojú wa kò lè rí wọn. Ẹnu yẹn ló fi ń gba atẹ́gùn tó fi ń se oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe ya ẹnu báyìí, bẹ́ẹ̀ ni omi ara rẹ̀ á máa gba ibẹ̀ jáde. Gbòǹgbò ló ń fa òmíràn gòkè wá dípò rẹ̀."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́. Ọyẹ́ yìí gan-an sì máa ń fà á ju bó ṣe yẹ lọ."

Bàbá fọwọ́ kan ọ̀rá náà bí ẹni tó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. "Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló tu gbogbo eléyìí sílẹ̀? Kí ló dé tí kò pa ẹnu ọ̀hún dé?"

"Ó máa ń pa á dé tí omi bá ti fẹ́ wọ́n ọn. Ṣùgbọ́n tó bá pa á dé jù, ebi ló máa pa á. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, Bàámi: tí a bá ń hú u, gbòǹgbò tó pọ̀ máa já kù sínú ilẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù kò ní lè fa omi tó fún gbogbo ewé yìí. Ẹ jẹ́ ká gé ewé náà kúrò, ká ṣẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ kù sí i."

Bàbá tún fọwọ́ kan ewé náà. Àgbẹ̀ kòkó ni. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí i tán. Ó ní, "Kòkó náà máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ́ tirẹ̀, ẹnìkan kì í bá a gé e." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ewé yìí ni mo ń rí láràárọ̀ tí mo fi ń mọ̀ pé ó wà láàyè."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Níkẹyìn, bàbá gbà kí wọ́n gé ìdajì. Bùsọ́lá mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìdajì kò tó nínú ọyẹ́ bí èyí, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú bàbá rẹ̀ kó tún sọ ọ́.

Ó mú àlùmọ́gàjí, ó bẹ̀rẹ̀. Ibi gbogbo tó bá gé ni oje funfun bíi wàrà ti ń sun jáde, tó ń kán sílẹ̀. Ewé ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, abẹ́ wọn ń dán bí idẹ.

"Ó ń sunkún," bàbá wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Oje ni, Bàbá," Dàpọ̀ wí. "Á dá fúnra rẹ̀."

Wọ́n wa ìdí igi náà yípo, wọ́n fi àpò kòkó tí wọ́n ti rẹ sínú omi wé gbòǹgbò rẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò àárín ti wọlẹ̀ jìnnà. Dàpọ̀ ní láti fi àdá gé e. Nígbà tó já, ó dún bí ìgbà tí egungun bá ṣẹ́. Wọ́n gbé e sínú bárò. Bàbá di ẹ̀yìn igi náà mú bí wọ́n ṣe ń tì í lọ, bí ìgbà tí èèyàn ń mú aláìsàn lọ sí ilé ìwẹ̀. Wọ́n gbìn ín, wọ́n bomi sí i, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó.

Kí Bùsọ́lá tó padà sí Ìjerò lọ́jọ́ Àìkú, ó kìlọ̀ fún bàbá. "Ẹ má ṣí imọ̀ ọ̀pẹ yẹn o. Ẹ má sì da omi bò ó ju bó ṣe yẹ. Ẹ fi ìka gún ilẹ̀ wò. Tó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀."

"Mo ti gbọ́," bàbá dáhùn.

Katapílà dé lọ́jọ́ Ajé bí wọ́n ṣe wí. Ó fọ́ àtẹ̀gùn ilé, ó gbá ibi tí igi náà wà tẹ́lẹ̀ lọ ráúráú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn abọ́ ń lu ara wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Eruku pupa gba orí òrùlé kọjá, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó sì bo ewé tó ṣẹ́ kù lórí àgbálùmọ̀ náà. Bàbá ń fi àkísà nù wọ́n, bó bá ti nù ún tán ni òmíràn tún ń bà lé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Wọ́n sọ orí kọ́ gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Bàbá sáré gbé garawa. Ó fa omi nínú kànga, ó da á sí i nídìí. Ó dúró, ó wò ó. Kò sí ìyàtọ̀. Ó tún fa òmíràn. Títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín kànga àti igi, títí ìdí igi fi di ẹrẹ̀ tí sálúbàtà rẹ̀ ń rì sí. Ewé náà kò gbé orí sókè.

Kò yé e. Omi wà nílẹ̀, igi sì ń gbẹ. Ó wá rántí ọ̀rá búrẹ́dì. Bó bá jẹ́ pé ojú ewé ni omi ti ń sá lọ, tí ọ̀rá sì lè gbá omi náà mú, ó yẹ kí èèyàn lè ká a mọ́ ara igi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ọ̀rá ńlá tó mọ́ gaara tó máa ń fi bo kòkó tó bá sá nígbà tí òjò bá ṣú. Ó kó imọ̀ ọ̀pẹ kúrò kó lè rí àyè. Ó fi ọ̀rá náà wé igi láti orí dé ìdí, ó fi okùn dì í, ó sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sára ọ̀rá nínú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó rò pé òun ti rí i mú.

Bùsọ́lá pè é lálẹ́. "Báwo ni igi wa?"

"Ó ń gbìyànjú."

"Ewé rẹ̀ kò rọ?"

"Ó ń gbìyànjú, mo ní. Jẹun kóo sùn."

Kò mẹ́nu ba ọ̀rá. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni ìfòyà tún mú un, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Dàpọ̀ ló rí i. Ó wá yá díígà lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó rí ohun tó ń kọ mànà nínú oòrùn. Inú ọ̀rá náà ti ṣú fún ooru, bí fèrèsé ilé tí wọ́n ti ń se ẹ̀wà. Dàpọ̀ kò bá bàbá jiyàn. Ó jáde síta, ó sì pe Bùsọ́lá.

Bùsọ́lá kò dúró de agogo ìparí ilé ìwé. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, eruku ojú ọ̀nà Ìkòrò kún irun àti ojú rẹ̀. Jálẹ̀ ọ̀nà ló ń bá ara rẹ̀ jà pé èéṣe tí òun fi gbà kí ìdajì ewé kù. Nígbà tó dé, kò gba iwájú ilé, ẹ̀yìnkùlé ló bá lọ tààrà. Ó fa okùn tú, ó sì ká ọ̀rá náà. Ooru tó jáde níbẹ̀ dà bí ti ìkòkò tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ewé tó ṣẹ́ kù ti dúdú, wọ́n rọ̀ múlọ́múlọ́ bí ewé tí wọ́n fi wé mọ́ínmọ́ín. Ó di ọ̀kan mú, ó bọ́ sí i lọ́wọ́.

Bàbá ti jáde sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ẹ ti sè é!" Bùsọ́lá pariwo. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò gbé ohùn sókè sí bàbá rẹ̀ rí. "Bàámi, ẹ ti sè é jinná! Mo sọ fún yín pé ẹ má ṣí imọ̀ ọ̀pẹ! Ìdí rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, gbòǹgbò tí a gé kò lè mí, ẹ tún wá wé e sínú oòrùn! Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?"

Bàbá jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. 

"Mi ò fẹ́ kí omi rẹ̀ tán."

Bùsọ́lá ju ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ náà wà níbẹ̀," bàbá wí. "Ìwọ náà gbọ́ nígbà tí dókítà ní ká má fún ìyá rẹ lómi ju ife kékeré yẹn lọ. O rí ètè rẹ̀. O rí bó ṣe ń wo ẹni tó bá gbé ife kọjá." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Dókítà kò purọ́, mo mọ̀. Wọ́n ní omi ló máa kún un láyà. Ṣùgbọ́n mi ò tún lè jókòó kí n máa wo nǹkan mìíràn tí òùngbẹ ń gbẹ."

Bùsọ́lá rántí. Òun ló máa ń fi òwú tó rẹ sínú omi pa ìyá rẹ̀ létè. Àwọn méjèèjì kò tíì bá ara wọn sọ ọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ má bínú pé mo pariwo mọ́ yín."

"Ṣé ó ti kú?"

"Mi ò mọ̀, Bàámi. N ò ní tàn yín, mi ò mọ̀."

Ó gé gbogbo ewé tó jinná náà kúrò, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Oje tó jáde lọ́tẹ̀ yìí kò tó nǹkan. Dàpọ̀ la ojú àgbàrá kékeré láti ìdí igi kí omi tó dúró lè ṣàn lọ, wọ́n sì dá imọ̀ ọ̀pẹ padà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ohun tó wà níbẹ̀ kò jọ igi mọ́, ó dà bí ọ̀pá tí ẹnìkan gbàgbé sílẹ̀.

Bùsọ́lá kò lè fi bàbá sílẹ̀ lóun nìkan. Ó lọ kó aṣọ rẹ̀ wá, Ìkòrò ló sì ti ń lọ sí ibi iṣẹ́ láràárọ̀. Wàhálà tuntun wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá fẹ́ mọ̀ bóyá igi náà ṣì wà láàyè, Bùsọ́lá sì ṣàlàyé fún un pé tí èèyàn bá fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀, ó wà láàyè; tó bá ti pọ́n tó sì gbẹ, ibẹ̀ ti kú. Ó kábàámọ̀ pé òun sọ ọ́. Bàbá ń ha á láàárọ̀, ó ń ha á lọ́sàn-án. Orí igi ló kọ́kọ́ pọ́n. Lẹ́yìn náà ó pọ́n dé ibi tí ẹ̀ka ti pín. Lẹ́yìn náà ó tún sọ̀kalẹ̀ sí i, bí ẹni pé ikú ń gba orí àkàbà bọ̀ wálẹ̀.

"Ó ti dé agbedeméjì," bàbá á wí nídìí oúnjẹ, ọwọ́ rẹ̀ á sì dúró nínú ọbẹ̀.

"Bàámi, ẹ yé ha á mọ́. Ojú ọgbẹ́ tí ẹ ń dá sí i yẹn náà, omi ń gbà á jáde."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà á lẹ́rù. Ó jáwọ́ nínú híha. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú wíwò. Á gbé àga síwájú igi náà, á ká ọwọ́ sí àárín itan kó má bàa fi kàn án. Bùsọ́lá náà, tó bá ti ilé ìwé dé, tí bàbá bá wà ní ilé ìdáná, òun náà á yọ́ lọ síbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á fi ìka gún ilẹ̀. Kò jẹ́ kí bàbá rí òun.

Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ooru dé, kò sí òjò. Àwọn onítìtì ti kọjá lọ sí ọ̀nà Àrà. Bùsọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí òun yóò ṣe sọ fún bàbá pé kí wọ́n hú ọ̀pá náà dànù. Ó padà sí ilé rẹ̀ ní Ìjerò láìsọ ọ́.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù Kẹta, ó fi atẹ́gùn líle ṣaájú, ó sì ṣí páànù lórí ilé mélòó kan. Kò pẹ́ sígbà náà, Bùsọ́lá wà nínú kíláàsì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Bàbá ni. Èémí rẹ̀ nìkan ni Bùsọ́lá ń gbọ́.

"Bàámi? Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ara yín le?"

"Máa bọ̀."

"Ẹ sọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Mo ní kóo máa bọ̀. Mi ò fẹ́ fẹnu mi sọ ọ́, kó má lọ jẹ́ pé ojú mi ló ń tàn mí."

Nígbà tí Bùsọ́lá dé, bàbá àti Dàpọ̀ wà níwájú igi náà, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sínú ilẹ̀ tútù. Nísàlẹ̀ pátápátá, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí ilẹ̀, nǹkan kan ti ya èèpo jáde, ó rí ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ. Ewé méjì ni, wọ́n ṣì ká mọ́ ara wọn, wọ́n pọ́n bí idẹ tuntun.

Bùsọ́lá bẹ̀rẹ̀ wò ó pẹ́. Ó wò ó bóyá gbòǹgbò igi mìíràn ló ti hù wá. Ó tẹ̀lé e dé ibi tó ti yọ. Ara igi náà gan-an ni.

"Òun ni," ó wí.

Bàbá kò fò sókè, kò sì kọrin. Ó béèrè pé, "Ṣé ó lè tún kú?"

"Ó lè kú, Bàámi. Gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì lágbára. Ṣùgbọ́n kò tíì kú."

Apá òkè ti gbẹ kọjá àtúnṣe. Bùsọ́lá ní kí wọ́n gé e kúrò kí kòkòrò má bàa gba ibẹ̀ wọlé, ó sì ń retí pé bàbá máa kọ̀. Bàbá dìde, ó wọlé, ó mú ayùn jáde. Ó gbé e fún Dàpọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì fi ọwọ́ méjèèjì di ìsàlẹ̀ igi náà mú kó má bàa mì.

"Rọra o," ó wí. "Ṣe pẹ̀lẹ́."

Dàpọ̀ rẹ́ ẹ. Apá òkè bọ́ sílẹ̀, kò wúwo rárá. Bùsọ́lá po ẹrẹ̀, wọ́n fi pa ojú ibi tí wọ́n rẹ́. Òjò tún ti ń ṣú láti ìhà Odò-Ọwá, bàbá sì ń wo ojú ọ̀run, kò mọ̀ bóyá kí òun bẹ̀ ẹ́ kó rọ̀ tàbí kó má rọ̀.

"Èyí tó bá rọ̀, ó tó bẹ́ẹ̀," Bùsọ́lá wí fún un. "Ẹ jẹ́ ká wọlé."

Bàbá ní kí ó máa lọ gbé ìkòkò kaná, pé òun ń bọ̀. Ó ṣì pẹ́ nídìí igi náà kó tó wọlé.